Ìyàwó Dé, Ọkọ Kò Rí Bàálù Wọ̀

Kí àrùn Kòrónà tó gbòde ni Hùmúàní oní-fóòmù ti ń múra láti di ìyá ọkọ. Kì í sì í ṣe ìyá ọkọ yẹpẹrẹ ló ní lọ́kàn. Irú ìyá ọkọ tó jẹ́ pé bí ìyàwó bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò ti dìde kúrò lórí àga kí ó tó wọlé ni. Irú èyí tí ìyá ọkọ tirẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ìyá náà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa tọ́ ọbẹ̀ Hùmúàní wò, a ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, a sì tún ní kí wọ́n bu sí i. Hùmúàní gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó ní kò burú, ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà yóò dé ipò yẹn, ẹni tó bá wá fẹ́ ọmọ òun yóò sì mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ lòun wá. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń kó àṣẹ jọ, bí ẹni ń dá èsúsú.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Abdulbasit lorúkọ rẹ̀. Bàbá ọmọ náà kú nígbà tó wà ní girama, Hùmúàní sì fi ṣọ́ọ̀bù fóòmù tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Morogbo tọ́ ọ, títí ó fi di géńdé tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Iṣẹ́ náà ló gbé e dé ìlú Dòhá, níbi tí oòrùn ti ń mú débi pé ẹni tó bá mọ amúlétutù ṣe kì í wá iṣẹ́ tì. Nígbà tó wá sinmi nílé lọ́dún tó ṣáájú Kòrónà ló pàdé Munirah, ọmọ Imeke, tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Inú Hùmúàní dùn. Ẹ̀kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n mú ọjọ́ yìgì sí Sátidé kan nínú oṣù Mẹ́ta. Abdulbasit ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbé e dé Èkó ní Jímọ̀, nígbà tí yìgì bá ku ọ̀la. Hùmúàní náà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fa fóòmù kan yọ, oní-ínǹṣì méjìlá, irú èyí tí àwọn oníbàárà máa ń fọwọ́ tẹ̀, tí wọ́n á mí kanlẹ̀, tí wọ́n á sì ra èyí tó kéré sí i. Ó tẹ́ ẹ sí yàrá ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ títí ọkọ yóò fi dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kọ̀wé sí Abdulbasit. Wọ́n ní nítorí àrùn tó ń jà kárí ayé, bàálù àwọn tó ń wá sí Èkó lójoojúmọ́ kò ní í ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ti kó èrò ọjọ́ Jímọ̀ pọ̀ mọ́ ti Àtàláátà, kó jọ̀wọ́ má bínú. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, wọ́n ti sún mi sí Àtàláátà."

"Ta ló sún ẹ?"

"Àwọn oníbàálù ni. Wọ́n ní èrò ò wọkọ̀ mọ́, àwọn ò lè máa gbé àga òfìfo kiri ojú ọ̀run."

"Ṣé o sọ fún wọn pé ìwọ lọkọ ìyàwó?"

"Màámi, wọn ò béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà dé Imeke. Abdulhameed, bàbá Munirah, àgbẹ̀ alágbọn ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti dá ọjọ́, ọjọ́ ti dá. Ó ní òun ò sún nǹkan kan. Ìjọba ti ń sọ pé kí èèyàn má pọ̀ níbi àpéjọ. Bí àwọn bá sún un síwájú, ta ló mọ̀ bóyá alùfáà nìkan ni wọn yóò yọ̀ǹda tó bá yá? Ó ní kí ọkọ yan aṣojú, ẹ̀sìn fàyè gbà á.

Ishaq, àbúrò bàbá Abdulbasit, ni wọ́n yàn. Ishaq kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há sí lẹ́nu, àmọ́ lọ́jọ́ náà ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Nígbà tí alùfáà bi í bóyá ó gba Munirah, ó ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Mo gbà á!" ló wí.

Àdùní ìyàwó rẹ̀, tó jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin lẹ́yìn, wúkọ́. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá wúkọ́ láwùjọ ti dá ìpayà sílẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí i, àwọn tó jókòó tì í sì ti ń fà sẹ́yìn.

"Ẹ má sá, kì í ṣe Kòrónà," Àdùní wí. "Ọkọ mi ni mò ń rán létí pé ó ti níyàwó nílé."

Ẹ̀rín sọ. Alùfáà tún ọ̀rọ̀ náà bi, Ishaq sì fara balẹ̀, ó ní òun gbà á fún Abdulbasit, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Abdulbasit alára wà lórí fóònù tí wọ́n gbé ti agolo mílíìkì kan. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gan án mọ́ ibì kan tòun ti ẹnu yíyà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi pín ìrẹsì tán. Bí Munirah ṣe di aya aláya nìyẹn, tí ọkọ rẹ̀ lanu sílẹ̀ ní Dòhá.

Lọ́jọ́ Àláádì, wọ́n sin ìyàwó wá sí Morogbo. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣebí ọkọ ń bọ̀ ní Àtàláátà. Àmọ́ nígbà tí Àtìní fi máa lọ sílẹ̀, ìjọba ti ti pápákọ̀ òfúrufú pa, bàálù kankan kò gbọdọ̀ gbé èrò wọlé láti òkè òkun mọ́. Hùmúàní gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó wo Munirah, Munirah náà wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, ọ̀rọ̀ tó ti kọjá láàárín wọn kò ju ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ lọ.

"Ṣé kí n padà sí Imeke ni, Màámi?" Munirah béèrè.

"Padà síbo? Ṣé ọjà tí kò bá ìwọ̀n mu ni ẹ́? A kì í dá ìyàwó padà. Jókòó."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Títì márosẹ̀ tí kì í sinmi ariwo dákẹ́ lọ gbáà, débi pé ewúrẹ́ ń dùbúlẹ̀ sáàárín rẹ̀. Hùmúàní ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ku òun àti ìyàwó nínú ilé, ó ku ìyàwó àti ẹ̀kọ́.

Ó gbé àwọn àṣẹ rẹ̀ jáde. Ó ní a kì í gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sínú, inú la ti ń gbá a bọ̀. Ó ní ìrù la ti ń họ ìpẹ́ ẹja. Ó ní ìyàwó kì í fẹ̀yìn ti ògiri jẹun, ìyàwó kì í súfèé, ìyàwó kì í fi omi gbígbóná ṣòfò. Gbogbo èyí tó wí, Munirah á ní, "Ẹ ṣé, Màámi, mo ti gbọ́," á sì ṣe é kíákíá, á tún wá dúró síwájú rẹ̀, ó ń wá òmíràn. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ́ ọ ní nǹkan. Kí oṣù tó parí, Hùmúàní rí i pé àṣẹ tí òun fi gbogbo ayé òun kó jọ ti tán pátápátá. Ó di pé ó ń dọ́gbọ́n sí i. Ó ní kí Munirah to àwo funfun sókè, kó to aláwọ̀ búlúù sísàlẹ̀. Nígbà tó dọ̀la, ó ní kó yí wọn padà. Munirah yí wọn padà. Kò kùn rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dun Hùmúàní, torí bí ìyàwó ò bá kùn, níbo ni ìyá ọkọ yóò ti rí ìjà jà?

Ọbẹ̀ ló tú u fó. Ìyá Munirah, ọmọ Ègùn ni, láti abúlé kan létí ọ̀sà, ó sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi omi àgbọn se ẹja. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Munirah se é. Hùmúàní tọ́ ọ wò. Ó ti yanu láti sọ pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù nígbà tó rí i pé ọwọ́ òun ti na abọ́ padà láti gba sí i. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Munirah sì ń bi í pé kí ló dé, ṣé ẹja ní eegun ni?

"Ìyá ọkọ mi ni," Hùmúàní wí, nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ìyá ọkọ mi ló wá jẹun."

Ó sọ gbogbo ìtàn náà fún un. Munirah rẹ́rìn-ín débi tó gbàgbé, tó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Hùmúàní rí i. Kò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Hùmúàní ti ń gbọ́ ohun kan láti yàrá kejì tipẹ́: bí Munirah bá yíra padà lórí fóòmù tuntun yẹn, ọ̀rá ara rẹ̀ á máa dún pẹrẹpẹrẹ, bí ẹni tó ń ru ewé gbígbẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú àlùmọ́gàjí wọlé, ó sì gé ọ̀rá náà láti orí dé ìsàlẹ̀.

"Ọkọ ò tíì dé o, Màámi," Munirah wí.

"Ṣé ọkọ ló ń sùn sórí ẹ̀ ni? Jẹ́ kí èmi náà róorun sùn."

Ní ti ọkọ, àwọn oníbàálù ò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹrin, wọ́n sún un sí oṣù Karùn-ún, wọ́n tún sún un síwájú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un ni wọ́n ń kọ̀wé, Abdulbasit á sì fi ṣọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, Munirah á túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ọkọ. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ó dùn wá dé ọkàn pé ìrìn àjò yín kò ní í lè wáyé. Ìlera yín ló jẹ wá lógún. A mọ rírì sùúrù yín." Hùmúàní á mi orí.

"Ẹ̀bẹ̀ wọn dùn létí," ló máa ń wí. "Èèyàn gbígbé ni wọn ò mọ̀ mọ́."

Abdulbasit ń pè lójoojúmọ́, kí wọ́n lè rí ojú ara wọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ló ń rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nílé tí ọwọ́ òun ò tó. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe kí ìyàwó rẹ̀ tán ni ìyẹn ké "kuwẹ́ẹ́, kuwẹ́ẹ́" sí i bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ojú Abdulbasit yí padà.

"Màámi! Kí lẹ sọ fún un?"

"Èmi kẹ̀?" Hùmúàní dáhùn láti ẹ̀yìn Munirah. "Mo kàn sọ ti pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Ruth tó lé ẹ láti ilé kéú ni. Ti bó o ṣe gun orí fóòmù ní ṣọ́ọ̀bù, tó o sùn lọ síbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń wá ẹ kiri."

"Màámi, mo kéré nígbà yẹn o!"

"O ti ń gbààwẹ̀ nígbà yẹn," ìyá rẹ̀ wí.

Nígbà tí ìjọba dẹ okùn kónílé-ó-gbélé díẹ̀, Hùmúàní ṣí ṣọ́ọ̀bù, Munirah sì bá a lọ. Ọlọ́run ló ṣe é tí ọjà fi yá. Àwọn tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú nìkan ni wọ́n ń dé orí ibùsùn tẹ́lẹ̀ ti dùbúlẹ̀ nílé láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ti wá mọ ibi tí fóòmù wọn ti rì. Munirah ya àwòrán ọjà, ó ń fi í sórí Wásáàpù. Hùmúàní ní ta ló máa ra fóòmù tí kò fọwọ́ tẹ̀? Àmọ́ wọ́n ń rà á. Láti Ọ̀tọ̀, láti Àgbádárìgì, wọ́n ń pe Munirah, wọ́n ń ní kó bá àwọn gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bí oníbàárà bá béèrè pé ta nìyí, Hùmúàní a ní, "Ìyàwó wa ni." Bí wọ́n bá ní ọkọ rẹ̀ ńkọ́, a ní, "Ó wà lọ́jà bàálù."

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀rín ń wà. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Hùmúàní dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó bá Munirah lẹ́yìn ilé lábẹ́ okùn aṣọ. Aṣọ ti gbẹ, kò ká a. Ó kàn jókòó.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

Munirah kọ́kọ́ ní kò sí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, ohùn ọmọ yín tí mo gbọ́ nígbà tá a dúró síwájú ara wa, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Ti inú fóònù nìkan ló kù létí mi."

Hùmúàní jókòó tì í lórí bíríkì. Kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí i nínú àwọn àṣẹ tó kó jọ. Ó ní, "Èmi náà ti wá ohùn bàbá ẹ̀ títí. Mi ò rí i. Ikọ́ ẹ̀ nìkan ni mo ṣì rántí dáadáa."

Munirah gbé ojú sókè. Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ jáde. "Ikọ́ kẹ̀, Màámi?"

"Ikọ́ ńlá ni. Bó bá wú u, adìẹ á fò." Ó sì wú u fún un, bó ṣe máa ń rí. Aládùúgbò kan ti fèrèsé rẹ̀ gbàgà, ó rò pé àrùn ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Abdulhameed gbéra láti Imeke. Ó dé pẹ̀lú ìbòmú tó fi bo irùngbọ̀n nìkan, ó gbé àgbọn wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó kí àna rẹ̀ dáadáa, ó mu omi, ó wá sọ ohun tó bá wá.

"Àna mi, mi ò bínú sí yín o. Ẹ tọ́jú ọmọ mi, mo rí i lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bàálù máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, kò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ de ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un relé. Bí ọkọ bá dé, kó wá gbà á ní Imeke."

Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ká ní inú oṣù Mẹ́ta ló sọ ọ́ ni, Hùmúàní ì bá bá a di ẹrù. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ já báyìí. Ó ṣí ẹnu, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀ ló sọ.

"Bàbá Munirah, oníbàárà kan ń bọ̀ wá gbé fóòmù lọ́la. Munirah ló mọ̀ ọ́n."

Abdulhameed wò ó. "Fóòmù?"

"Oní-ínǹṣì mẹ́wàá ni," Hùmúàní wí, bí ẹni pé ìyẹn tú ọ̀rọ̀ náà.

Munirah kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé ọkọ ni mo wà. Ọkọ ni ò tíì dé, ilé ti dé." Ó ní bí òun bá padà báyìí, ta ló máa máa túmọ̀ ìwé àwọn oníbàálù fún Màámi? Bàbá rẹ̀ wo ọmọ, ó wo àna rẹ̀ tó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń fi etí gèlè nujú. Ó tú ìbòmú kúrò lágbọ̀n, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá kí òun tó padà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni pápákọ̀ ṣí. Àmọ́ bàálù tó ti ń wá lójoojúmọ́ rí, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èrò tó sì ti há sí òkè òkun pọ̀ bí eéṣú. Abdulbasit jà títí ó fi rí àyè kan ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n gbọ́ ọ nílé, wọ́n pa adìẹ, wọ́n se ẹja alágbọn, Àdùní àti Ishaq wá láti Ọ̀tọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọbẹ̀ ti jinná nígbà tí Abdulbasit pè láti pápákọ̀ Dòhá. Àwọn oníbàálù ní bàálù kékeré ni àwọn fi rọ́pò ńlá nítorí epo, àga ò tó, àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé.

Ishaq wo ìkòkò. "Ẹ wò ó," ó wí, "èmi ni aṣojú rẹ̀. Bí mo ṣe bá a gba yìgì, mo lè bá a jẹ adìẹ yìí."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Nínú oṣù Kọkànlá ló wá dé lóòótọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n se nǹkan kan, kò tiẹ̀ sọ ọjọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kàn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin kan sì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ìbòmú bo imú, tó gbé ike fẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú, tó wọ ìbọ̀wọ́. Hùmúàní rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fín oògùn ni. Munirah ló mọ ìrìn rẹ̀. Ó ju ọ̀pá ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré bọ́ síta. Abdulbasit náà na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró síbẹ̀!" Hùmúàní ké.

Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n kanra.

"Ìjọba ní ẹni tó bá ti òkè òkun bọ̀ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀ fún ọjọ́ méje. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Munirah, wá sẹ́yìn. Abdulbasit, máa lọ sí yàrá ẹ nílé, ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà."

"Màámi, láti oṣù Mẹ́ta!" Abdulbasit fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Munirah, sọ fún wọn."

Munirah wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Òótọ́ ni Màámi sọ," ló wí. "Ó wà nínú òfin."

Abdulbasit wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Nígbà náà ló yé e pé ilé tí òun fi sílẹ̀ kọ́ lòun bá.

Wọ́n tì í mọ́ yàrá. Munirah kó ẹrù tirẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sá sẹ́yìn. Abdulbasit á yọjú lójú fèrèsé, á ní òun kì í mu ògì tó ki báyìí. Munirah á ní bí Màámi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó ti mọ́ òun lára. Abdulbasit á tún ní kí wọ́n bá òun wá ìrọ̀rí òun àtijọ́. Wọ́n ní àwọn ti tà á. Ishaq wá kí i láti ojú fèrèsé, ó ní kó má mikàn, bí ó bá fẹ́ aṣojú fún ohunkóhun, òun wà níbẹ̀. Àdùní tún wúkọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, Hùmúàní rí Munirah tó dúró lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé, tó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Abdulbasit ló ń sọ ti iṣẹ́ àti ti ooru Dòhá nínú yàrá, ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, Munirah sì di ojú, ó ń gbọ́ ọ. Hùmúàní padà sínú ilé. Ó gbé àga onírọ̀rí kan jáde, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé náà. Ó ti lọ díẹ̀ kó tó yíjú padà.

"Ẹ jìnnà síra o," ló wí. "Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo lè pẹ́."

Ó sì pẹ́. Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ náà ló ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, títí oníbàárà fi tán, títí àwọn tó ń ta búrẹ́dì lójú títì fi palẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, wọ́n yẹ ọ̀fun àti imú Abdulbasit wò, wọ́n ní àrùn ò sí. Hùmúàní di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Ó ní òun ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Ishaq ní Ọ̀tọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe, Màámi?" Munirah béèrè. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mo fẹ́ lọ sinmi. Ṣé mi ò lè sinmi ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ," Abdulbasit wí kíákíá. Munirah sì wò ó.

Ní Ọ̀tọ̀, wọ́n gbé Hùmúàní gẹ̀gẹ̀. Ishaq ní kó máa pàṣẹ, Àdùní ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó jókòó. Ó wo tẹlifíṣàn. Munirah pè é láti béèrè bóyá fóòmù oní-ínǹṣì mẹ́fà ṣì kù ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí fóònù fi gbóná. Ó tún pè láti béèrè bí wọ́n ṣe ń fi ata rodo sínú nǹkan tó ti mọ̀ ọ́n sè tipẹ́.

"Ìyáálé," Àdùní wí, "ṣé ìyàwó ọmọ ló ń pè yín yìí ni, àbí ọkọ?"

"Ọ̀rọ̀ ọjà la ń sọ," Hùmúàní dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ní òun máa lò kò pé ìlàjì tó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Morogbo. Munirah ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò ní í pẹ́ padà," Hùmúàní wí kó tó jókòó. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni mo gbàgbé. Ẹ sì mọ̀ pé dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan sílẹ̀."

Munirah wo báàgì náà. Páálí oògùn ọ̀hún yọ orí láti àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ tì í wọlé, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Màámi. Oúnjẹ ti wà nílẹ̀."

Lóòótọ́ ló wà nílẹ̀. Abdulbasit jókòó síbi tábìlì, ebi ń pa á, wọn ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n tò kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń bọ̀?" Hùmúàní béèrè.

"Antí Àdùní ló pè," Munirah wí. "Wọ́n ní ẹ ti di ẹrù yín láti àárọ̀, ẹ wá jókòó, ẹ ń ronú ohun tẹ́ ẹ máa ní ẹ gbàgbé."

Hùmúàní wo àwọn méjèèjì. Ó ní Àdùní ti máa ń sọ̀rọ̀ jù láti ilé bàbá rẹ̀ wá. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó sì fa abọ́ ẹja sọ́dọ̀ ara rẹ̀.